Pẹ́pítáìdì tó ń tọpa jẹjẹrẹ: kí ló gbé dání, ta ló sì ń rí i gbà?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ọ́fíìsì Joe Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, kéde pé jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì ń bá a jà, ó sì ti wọ eegun. Nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé àwọn ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ yìí ti tàn ká ara wọn lè gba abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ Pluvicto kí wọ́n tó dé ìdí kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ. Ìròyìn méjèèjì pàdé ara wọn lórí fóònù, ariwo sì ta. Ẹnìkan á ní abẹ́rẹ́ tó ń wá jẹjẹrẹ kiri inú ara ti dé. Ẹlòmíì á ní pẹ́pítáìdì ni wọ́n ń pè é, òun sì mọ ẹni tó ń tà á nínú ìgò kékeré lórí Instagram. Ẹnì kẹta á ní oró àdó átọ́míìkì ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi gún òun.

Ti àkọ́kọ́ sún mọ́ òótọ́. Ti kejì léwu gan-an. Ti kẹta mú ìdí ọ̀rọ̀ kan dání, àmọ́ ó gbé e gba ibi tí kì í ṣe ọ̀nà. Ká tún fi èyí kún un: ọ́fíìsì Biden sọ pé ó jọ pé oògùn họ́mọ̀nù ṣì ń ràn jẹjẹrẹ tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tí oògùn họ́mọ̀nù kò ràn mọ́ ni FDA ń bá wí. Ọ̀rọ̀ méjì tó jọra ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí ni wọ́n ń pè ní pẹ́pítáìdì gan-an?

Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí okùn. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún amínò ásíìdì, ìyẹn èròjà kéékèèké tí ara fi ń mọ púrótéènì. Bí okùn náà bá gùn, tó ká jọ mọ́ra, púrótéènì ni. Bó bá kúrú, pẹ́pítáìdì ni. Ínsúlínì tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń gún jẹ́ okùn oní-ìlẹ̀kẹ̀ 51. Semaglutide, èyí tó wà nínú Ozempic tí àwọn èèyàn fi ń fọn, wà nínú ìdílé yìí náà. Somatostatin, tí ìtàn tiwa yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò ju ìlẹ̀kẹ̀ 14 lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ọ pé "pẹ́pítáìdì ni", kò tíì sọ nǹkan kan. Ó dà bí ẹni tó ní "ewé ni". Ewé là ń sè lọ́bẹ̀, ewé eéran la fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé sì wà tí ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Àwọn ìgò kéékèèké tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi BPC-157 tí wọ́n ní ó ń wo oríkèé ríro, kò bá ti jẹjẹrẹ yìí tan. Ní 2023, FDA kó BPC-157 mọ́ àwọn èròjà tí ewu lè wà nínú wọn bí apòògùn bá ń pò wọ́n fún èèyàn. Èyí tó ń tọpa jẹjẹrẹ kò sì ṣeé tà lórí Instagram rárá, nítorí inú àpótí òjé ló ń rìn, ilé ìwòsàn tó ní ìwé àṣẹ ìtànṣán nìkan ló lè gbà á, bẹ́ẹ̀ ló ń bàjẹ́ ní wákàtí-wákàtí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e tọ̀ ọ́ wá lórí ọ̀kadà, irọ́ ni.

Báwo ló ṣe ń dá jẹjẹrẹ mọ̀ láàárín gbogbo ara?

Àwọn baba ńlá wa máa ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Owó ẹyọ mélòó kan, ìyẹ́ ẹyẹ, okùn tí wọ́n so lọ́nà kan: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò pè é ní pàǹtírí, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yóò kà á bí ẹni ń ka ìwé. Ara èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Họ́mọ̀nù ni àrokò, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà, ara awọ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ni àwọn púrótéènì kan dúró sí tó jẹ́ pé irú àrokò kan péré ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Risẹ́pítọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Nínú àlàyé yìí, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní agbàrokò.

Bí àrokò bá kan agbàrokò tirẹ̀ lára, ó máa ń di mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni sẹ́ẹ̀lì sì máa ń fà á wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáká ní agbàrokò níwọ̀nba. Àmọ́ àwọn jẹjẹrẹ kan wà tí tiwọn ti pọ̀ kọjá àlà. Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní nẹuroẹ́ńdókíráìnì, tó sábà máa ń hù ní ìfun, ní pánkíríásì àti ní ẹ̀dọ̀fóró, kún fún agbàrokò somatostatin. Agbàrokò tó pọ̀ yẹn ló wá di ohun tí wọ́n fi ń mọ ilé rẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe kò ju nǹkan mẹ́ta lọ. Wọ́n dá àrokò náà tún ṣe, wọ́n so apẹ̀rẹ̀ kékeré kan mọ́ ọn nídìí tí wọ́n ń pè ní DOTA, wọ́n sì gbé ẹrù sínú apẹ̀rẹ̀ náà. Ẹrù yìí ni èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde. Bó bá jẹ́ gallium-68 ló wà nínú apẹ̀rẹ̀, àwòrán ni wọ́n fẹ́ yà. Bó bá jẹ́ lutetium-177, ìtọ́jú ni wọ́n fẹ́ ṣe. Àrokò kan náà, ẹrù ọ̀tọ̀. Ìránṣẹ́ ni pẹ́pítáìdì. Kì í ṣe òun ló ń pa jẹjẹrẹ, ẹrù tó gbé dání ni. Ẹni tí èyí bá ti yé, ìdajì ariwo orí fóònù ti tán létí rẹ̀.

Ìtànṣán tí lutetium fi ń pa sẹ́ẹ̀lì kì í rìn ju mílímítà 2 lọ nínú ẹran ara. Ìyẹn ni pé ibi tí pẹ́pítáìdì bá gbé e dé ló ti ń ṣọṣẹ́, pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó múlé tì í. Àwọn kan ní ìyàtọ̀ rẹ̀ sí kẹ́mò, tó ń gba gbogbo ara kọjá, nìyí. Òótọ́ ni, àmọ́ a máa rí i níwájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló mọ àrokò náà kà.

Pluvicto, tó dá ariwo sílẹ̀, kò tilẹ̀ jẹ́ pẹ́pítáìdì ní kíkún. Èròjà kékeré tí wọ́n mọ kó jọ pẹ́pítáìdì ni, ohun tó sì ń wá kiri, tí wọ́n ń pè ní PSMA, jẹ́ énsáìmù tó yọrí síta lára sẹ́ẹ̀lì pírọ́sítéètì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣiṣẹ́ ló jọra tí wọ́n fi ń kà wọ́n pọ̀.

Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá?

Kì í ṣe àná. Ní 1973, Paul Brazeau àti Roger Guillemin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Salk ní California rí somatostatin, họ́mọ̀nù tó ń sọ fún àwọn họ́mọ̀nù mìíràn pé "ó tó". Guillemin wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Àmọ́ somatostatin kì í pẹ́: láàárín ìṣẹ́jú bí 2 sí 3, ìdajì rẹ̀ ti túká nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn wo lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Iléeṣẹ́ Sandoz ní Switzerland ló gé e kúrú. Nínú ìlẹ̀kẹ̀ 14, wọ́n mú èyí tí agbàrokò ń kà gan-an, wọ́n ṣe okùn oní-ìlẹ̀kẹ̀ 8, wọ́n pè é ní octreotide. Òun ń lo nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. FDA fọwọ́ sí i ní 1988, fún ìgbẹ́ gbuuru àti ara gbígbóná tó ń bá àwọn tó ní jẹjẹrẹ nẹuroẹ́ńdókíráìnì fínra. Ní ìgbà yẹn, kò gbé ẹrù kankan.

Ní Rotterdam, ní Netherlands, ni Eric Krenning àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti so èròjà oní-ìtànṣán mọ́ ọn, tí wọ́n sì fi ya àwòrán jẹjẹrẹ nínú ara èèyàn alààyè ní 1989. Ọdún 1994 ni FDA fọwọ́ sí irú rẹ̀ àkọ́kọ́ fún àwòrán, OctreoScan. Ó di 2016 kí èyí tó ń lo gallium tó dé. Lutathera, tó gbé lutetium, gba àṣẹ ní Yúróòpù ní 2017, ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ọdún 45 ni, láti ìgbà tí wọ́n ti rí họ́mọ̀nù náà.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè Steve Jobs níbí, ẹni tó dá Apple sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, tó kú ní 2011, àti Aretha Franklin, olórin Amẹ́ríkà tó kú ní 2018. Irú jẹjẹrẹ nẹuroẹ́ńdókíráìnì ti pánkíríásì yìí ló ṣe àwọn méjèèjì. Kì í ṣe jẹjẹrẹ pánkíríásì tó wọ́pọ̀, èyí tí kì í fún èèyàn láyè. Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì, torí pé èyí tó wọ́pọ̀ yẹn kì í ní agbàrokò somatostatin tó pọ̀ tó láti fi tọ́jú rẹ̀ lọ́nà yìí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yàwòrán kí wọ́n tó tọ́jú?

Torí pé bí jẹjẹrẹ rẹ kò bá mọ àrokò kà, ẹrù náà kò ní ibi tó fẹ́ balẹ̀ sí. Àwọn dókítà kì í méfò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi gallium ránṣẹ́, wọ́n á wo ibi tó kóra jọ sí.

Gallium náà ní ìṣe tirẹ̀. Ìṣẹ́jú 68 péré ni ìdajì agbára rẹ̀ fi ń lọ, nítorí náà kò ṣeé rà pa mọ́. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń ní ẹ̀rọ kékeré kan tí germanium-68 wà nínú rẹ̀, tí germanium náà ń yí padà sí gallium díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Láràárọ̀, wọ́n á fún un bí Fúlàní ṣe ń fún wàrà màlúù, wọ́n á so ó mọ́ pẹ́pítáìdì, wọ́n á gún un fún aláìsàn, wọ́n á dúró bíi wákàtí kan, aláìsàn á sì dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ PET, èyí tó ń ya àwòrán ibi tí ìtànṣán náà wà nínú ara.

Àwòrán tó ń jáde máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò rí i rí. Ẹ fojú inú wo ojú ewé funfun, kí ara èèyàn hàn lórí rẹ̀ bí òjìji fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Nínú àwòrán PSMA, ẹ ó rí àmì dúdú kéékèèké lẹ́bàá ojú, níbi tí omijé ti ń sun. Ẹ ó rí àwọn kan lábẹ́ etí àti lábẹ́ àgbọ̀n, níbi tí itọ́ ti ń sun. Kíndìnrín méjèèjì á dúdú bí èédú, àpò ìtọ̀ náà á dúdú. Gbogbo ìyẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ, bí Ọlọ́run ṣe dá a ni. Àmì tó wà ní eegun ẹ̀yìn, ní ìbàdí, tàbí ní kókó abẹ́ ikùn, níbi tí kò yẹ kó wà, ni dókítà ń wá. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń fi àwòrán ara wọn ránṣẹ́ sórí WhatsApp kí wọ́n tó rí dókítà, tí ẹlòmíì á sì sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ti wọ kíndìnrín. Kíndìnrín gbogbo èèyàn ló ń dúdú.

Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n fi ṣe ìdánwò Pluvicto, tó ń jẹ́ VISION, ọkùnrin 1,003 ni wọ́n ya àwòrán wọn. 869 ni jẹjẹrẹ wọn yege. Ìyẹn ni pé nínú ẹni 100, bíi 13 ni wọ́n dá padà ní ẹnu ọ̀nà.

Báwo ni ọjọ́ ìtọ́jú ṣe ń rí?

Ti Lutathera gùn. Wọ́n á kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn èébì, lẹ́yìn náà wọ́n á fi omi tí amínò ásíìdì méjì, lysine àti arginine, wà nínú rẹ̀ sí i lára fún wákàtí 4 ó kéré tán. Nítorí kíndìnrín ni. Kíndìnrín máa ń gbá pẹ́pítáìdì tó bá ń bá ìtọ̀ lọ mú padà, ìtànṣán á sì jókòó sí i lára. Bí amínò ásíìdì bá ti kún ọwọ́ rẹ̀, á jẹ́ kí pẹ́pítáìdì kọjá. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n á fi lutetium sí i, fún bíi ààbọ̀ wákàtí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, ọ̀sẹ̀ 8 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ti Pluvicto kò ní amínò ásíìdì nínú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Lẹ́yìn náà, ara onítọ̀hún á máa tú ìtànṣán fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n á ní kó máa mu omi gan-an, kó máa tọ̀, kó jókòó tọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, kó da omi sí ṣalánga lẹ́ẹ̀mejì. Fún Pluvicto, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọdé tàbí aláboyún fún ọjọ́ 7, aláboyún kò sì gbọdọ̀ bá a sùn nínú yàrá kan náà fún òru 15. Bàbá àgbà tí ọmọ-ọmọ máa ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ kó mọ èyí ṣáájú, kí àwọn ọmọ má bàa rò pé òun ń lé wọn.

Ìpalára rẹ̀ wà. Nínú VISION, bíi 39 nínú 100 ni ẹnu wọn gbẹ, nítorí pé àrokò náà yà sí ibi tí itọ́ ti ń sun. Ẹnu gbígbẹ kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ń jẹ iyán àti ẹ̀bà. Òkèlè kì í gba ọ̀fun tí kò sí itọ́. Ó rẹ àwọn tó ju 40 lọ nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ lè dín kù nítorí ìtànṣán tó kan mùdùnmúdùn inú eegun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní èyí tó kàn. Nínú ìwádìí Lutathera, ẹni bíi 2 nínú 100 ni mùdùnmúdùn wọn bàjẹ́ débi tó lè yọrí sí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Ṣé ó ń wo jẹjẹrẹ sàn?

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, rárá. Ó ń dá a dúró, ó ń sún un kì, ó ń fún èèyàn ní àkókò. Ibí ni àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti ń jiyàn.

Ìwádìí NETTER-1 lo ẹni 229 tó ní jẹjẹrẹ nẹuroẹ́ńdókíráìnì ti ìfun. Nígbà tó fi máa di oṣù 20, jẹjẹrẹ ẹni 65 nínú 100 àwọn tó gba Lutathera kò tíì sún síwájú. Nínú àwọn tó gba octreotide púpọ̀ láìsí ẹrù lórí rẹ̀, 11 péré ni. Ìyàtọ̀ yìí ló ṣí ojú gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n wá ka iye oṣù tí àwọn èèyàn lò láyé, ó jẹ́ 48 sí 36, àmọ́ ìṣirò kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni 36 nínú 100 àwọn tí kò gbà á níbẹ̀rẹ̀ ló padà gbà á nígbà tí ara wọn kò yá, kò sì sí bí ìyàtọ̀ náà ṣe lè hàn kedere mọ́.

Ti pírọ́sítéètì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú VISION, tí ọkùnrin 831 kópa nínú rẹ̀, àwọn tó gba Pluvicto lò tó oṣù 15.3, àwọn yòókù 11.3. Oṣù mẹ́rin ni èrè náà, fún àwọn tó ti gba oògùn họ́mọ̀nù àti kẹ́mò títí tí wọn kò ràn mọ́. Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ sọ pé wọn kò jẹ́ kí àwọn tó wà ní apá kejì gba kẹ́mò mìíràn tó ṣì wà nílẹ̀, bíi cabazitaxel. Ní Australia, wọ́n fi ọ̀kan kojú èkejì láàárín ọkùnrin 200, nínú ìwádìí TheraP. PSA, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí pírọ́sítéètì ṣe ń ṣe, wálẹ̀ dé ìdajì lára 66 nínú 100 àwọn tó gba lutetium, àti lára 37 nínú àwọn tó gba cabazitaxel. Ìpalára tiẹ̀ náà kéré. Ṣùgbọ́n iye oṣù tí àwọn méjèèjì lò láyé kò yàtọ̀, nǹkan bí 19 ni.

PSMAfore ló wá bí àṣẹ ọdún 2025. Ọkùnrin 468 tí kò tíì gba kẹ́mò ni. Ó gba oṣù 9.3 kí jẹjẹrẹ tó sún síwájú lójú àwòrán, nígbà tó jẹ́ 5.6 fún àwọn tí wọ́n kàn pààrọ̀ oògùn họ́mọ̀nù fún. Àwọn kan ní pípààrọ̀ oògùn họ́mọ̀nù kì í ṣe alátakò gidi, pé ìjàkadì pẹ̀lú ọmọdé ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í lágbára láti dé ìdí kẹ́mò rárá, kí ni wọ́n wá fẹ́ fún wọn? Ẹ̀mí gígùn kò tíì yàtọ̀ kedere níbẹ̀ náà, ó ju ìdajì àwọn apá kejì lọ tó padà gba lutetium.

Kí ló dé tí England fi kọ̀ ọ́ ní 2023?

Ìdílé Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí ní Manchester ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ìṣirò Prostate Cancer UK ni pé ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ni jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì yóò mú ní Britain láyé wọn, nígbà tó jẹ́ 1 nínú 8 fún gbogbo ọkùnrin lápapọ̀.

NICE ni àjọ tó ń pinnu oògùn tí NHS, ètò ìlera ìjọba, máa sanwó rẹ̀ ní England. Ní oṣù kẹjọ 2018, ó gba Lutathera wọlé. Ní oṣù kọkànlá 2023, ó kọ Pluvicto. Kò sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ohun tó sọ ni pé bí a bá gbé iye tí iléeṣẹ́ Novartis ń tà á síwájú oṣù tó ń fi kún ọjọ́ ayé, owó náà pọ̀ ju èyí tí NHS máa ń san. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 42,500 dọ́là ni wọ́n dá lé ìwọ̀n kan nígbà tó jáde ní 2022, èèyàn sì lè gba mẹ́fà. Ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn bínú sí ìpinnu náà. Iléeṣẹ́ oògùn ní ìlànà ìṣirò NICE kò ro ipò àwọn tí ọjọ́ wọn ti kù díẹ̀. NICE ní owó tí òun bá ná síbí ni òun kò ní ná sí ibòmíràn. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ sanwó fúnra wọn. Àwọn tí kò ní dúró.

Ohun kan tún wà tí kì í jáde nínú àríyànjiyàn náà tó bó ṣe yẹ. Nínú VISION, àwọn ọkùnrin dúdú kò tó 10 nínú 100. Àrùn tó ń mú wa jù, ara àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ti fi ṣe ìdánwò rẹ̀ jù.

Kí ló ń fa ọ̀wọ́n rẹ̀?

Ẹni tó bá ti rí tòmátì tó ń ti òkè Ọya bọ̀ wá sí Mile 12 yóò mọ ìdáhùn. Ọjà tó ń rà lójú ọ̀nà ni. Ìdajì agbára lutetium-177 ń lọ láàárín ọjọ́ 6 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Lutathera ní wákàtí 72 láti ìgbà tí wọ́n bá ti pò ó, Pluvicto ní ọjọ́ 5. Wọn kì í kó o pamọ́ sí ìyàrá oògùn. Orúkọ aláìsàn ni wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ òfurufú bá pẹ́, tàbí bí ibà bá mú aláìsàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, òfò ni.

Lutetium náà kì í hù nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀rọ átọ́míìkì ńláńlá ni wọ́n ti ń sè é, àwọn ẹ̀rọ náà kò sì pọ̀ láyé: ti Petten ní Netherlands, ti Mol ní Belgium, ti Missouri ní Amẹ́ríkà, àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ti Petten ti ń ṣiṣẹ́ láti 1961. Ní 2022, Novartis dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Ivrea, Italy, àti ní Millburn, New Jersey, nítorí ọ̀rọ̀ ojúlówó. Ní 2023, oògùn kò kárí, àwọn aláìsàn tuntun kò rí i bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rọ̀, iléeṣẹ́ tuntun ní Indianapolis náà sì gba àṣẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Kí wá ni actinium tí wọ́n tún ń sọ?

Àrokò kan náà ni, ẹrù tó wúwo jù. Actinium-225 ń tú ìtànṣán alpha, tí kì í rìn ju bí ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì mélòó kan lọ, àmọ́ tó ń fọ́ ohun tó bá kàn yángá-yángá. Heidelberg ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé àwòrán ọkùnrin méjì jáde ní 2016 tí jẹjẹrẹ wọn pòórá lójú àwòrán. Ibi tó sì ti lo ìtọ́jú náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní ilẹ̀ Áfíríkà: Pretoria, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Sathekge àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ló ṣáájú ìwádìí tí ìwé ìròyìn Lancet Oncology gbé jáde ní 2024, tó kó ìtàn ọkùnrin 488 jọ láti South Africa, India, Jámánì àti Australia.

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ó ń ran àwọn tí lutetium kò ràn. Àwọn tó ń ṣọ́ra ní ó ń gbẹ ẹnu jù, débi tí àwọn kan fi ń dá a dúró. Kò sì tó láyé: ní 2024, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà dúró fún ìgbà díẹ̀ torí pé actinium kò sí.

Ilé ńkọ́?

UCH Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka ìṣègùn oní-ìtànṣán láti 2006, èyí tí kámẹ́rà gámà, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán ìtànṣán inú ara, wà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà gámà kì í ṣe PET, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti so technetium-99m, èròjà oní-ìtànṣán mìíràn tí ìdajì agbára rẹ̀ ń gba wákàtí 6, mọ́ irú àwọn àrokò wọ̀nyí, ó sì ń fi jẹjẹrẹ hàn lórí kámẹ́rà gámà níbi tí PET kò sí. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti gallium. Owó rẹ̀ náà kò tó o.

Ìṣòro tó wà ṣáájú gbogbo èyí ni pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa kì í mọ̀ títí tí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n tàbí tí ìtọ̀ fi ń dí. Àṣẹ tí FDA fún Pluvicto ní 2025 kò sì kan ẹni tí kò tíì gba oògùn họ́mọ̀nù rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà nínú ìlà.

Kí ni kí ẹni tó ní aláìsàn béèrè?

Kó béèrè irú jẹjẹrẹ náà ní pàtó, nítorí "pánkíríásì" nìkan tàbí "ìfun" nìkan kò tó. Kó béèrè bóyá wọ́n ti ya àwòrán tó fi hàn pé agbàrokò wà, àti bóyá gbogbo ibi tí jẹjẹrẹ wà ló yọ níbẹ̀, torí pé apá kan lè yọ kí apá kan má yọ. Kó béèrè bí kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ṣe wà. Bó bá jẹ́ òkè òkun ni wọ́n ti fẹ́ gbà á, kó béèrè ẹni tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà náà bí aláìsàn bá padà sílé. Kó sì gba ìwé lọ́wọ́ ilé ìwòsàn kó tó forí lé pápákọ̀ òfurufú, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán níbẹ̀ lè ké lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tó ti gba abẹ́rẹ́.